Òkè Ẹ̀fọ̀n Tú Àṣírí Ọkọ̀ Bàbá Mi

 Àwọn àgbà a máa wí pé àìrìnjìnnà ni àìrí abuké ọ̀kẹ́rẹ́. Èmi náà rìn jìnnà díẹ̀ nínú oṣù kẹwàá ọdún 2023, láti Ìbàdàn dé Adó-Èkìtì. N kò rí abuké ọ̀kẹ́rẹ́, ṣùgbọ́n mo rí ẹ̀bi ara mi lábẹ́ bọ́nẹ́ẹ̀tì ọkọ̀, lórí òkè, nínú òkùnkùn. Ìtàn náà kò bu iyì kún mi, ṣùgbọ́n mo rò pé yóò wúlò fún ẹni tó bá ní ọkọ̀ àgbà nílé, yóò sì wúlò fún ẹni tó bá ní ọmọ iṣẹ́ tàbí ọmọ iléèwé lábẹ́ rẹ̀.

ỌKỌ̀ BÀBÁ WA

Peugeot 504 ni ọkọ̀ náà, èyí tí gbogbo wa ń pè ní Pijó. Ọdún 1968 ni wọ́n kọ́kọ́ gbé irú rẹ̀ jáde ní ilẹ̀ Faransé, nígbà tó sì di ọdún 1975, ilé-iṣẹ́ kan ní Kàdúná bẹ̀rẹ̀ sí í to irú rẹ̀ pọ̀ nílẹ̀ wa níhìn-ín. Ẹni tó bá ti dàgbà díẹ̀ kò ní gbàgbé pé ọkọ̀ yìí ni àwọn ọ̀gá ìjọba ń gùn nígbà kan, òun náà ni èrò sì ń wọ̀ lọ sí ọ̀nà jíjìn. Bàbá mi, tí òun náà jẹ́ olùkọ́, ra tirẹ̀ ní àlòkù ní ọdún 1991. Òun ló fi gbé mi lọ sí kọ́lẹ́ẹ̀jì tí mo ti kọ́ iṣẹ́ olùkọ́, èmi àti àpótí mi àti garawa kan. Nígbà tí bàbá jáde láyé ní ọdún 2020, ọwọ́ mi ni kọ́kọ́rọ́ rẹ̀ bọ́ sí.

Àwọn àbúrò mi ní kí a ta á fún àwọn tó ń ra irin àlòkù. Màmá wa ló ta kò wọ́n. Ó ní ọkọ̀ náà ni òun yóò bá lọ sí Adó fún ìrántí ọdún kẹta bàbá wa. Bí kò bá gbé òun dé ibẹ̀, kí wọ́n tà á, òun kò ní sọ̀rọ̀ mọ́. Báyìí ni ọ̀rọ̀ ṣe rí kí a tó gbéra.

Ọkọ̀ náà kò sì gbádùn. Ní oṣù keje ọdún náà, nígbà tí iléèwé ń palẹ̀ mọ́ fún ìsinmi, mo fi ọwọ́ ara mi fọ ẹ́ńjìnnì rẹ̀. Mo rí i pé àwọn wáyà tó ń gbé iná lọ sí àwọn pílọ́ọ̀gì rí yánnayànna, mo bá dì wọ́n pọ̀ dáadáa bí ẹni di igi ìdáná. Inú mi dùn sí iṣẹ́ ọwọ́ mi. Ní ọ̀sẹ̀ kejì mo gbé e lọ sọ́dọ̀ mẹkáníìkì kan pé kó pààrọ̀ pílọ́ọ̀gì fún mi. Ọmọ iṣẹ́ rẹ̀ ni ó ṣe é, ọmọkùnrin kan tí kò ju ọdún mẹ́tàdínlógún lọ. Bó ṣe ń ṣe é lọ, ó ní, "Tíṣà, ẹ jọ̀ọ́ sà, wáyà yìí..." Mo dá ọ̀rọ̀ mọ́ ọn lẹ́nu. Mo ní, "Pílọ́ọ̀gì ni mo ní kí o pààrọ̀." Ó dákẹ́, ó parí iṣẹ́ rẹ̀.

Kò ju ọjọ́ mẹ́wàá lọ lẹ́yìn èyí tí wàhálà bẹ̀rẹ̀. Lórí ilẹ̀ tó tẹ́jú, ọkọ̀ a máa lọ geere. Bó bá kan gẹ̀rẹ́gẹ̀rẹ́ òkè, tàbí bí òjò bá ṣẹ̀ṣẹ̀ dá, yóò bẹ̀rẹ̀ sí í já bí ẹni tí òsúkè ń ṣe: gbì, gbì, gbì. Àwọn mẹkáníìkì wa a máa wí pé ọkọ̀ ń "mísì".

Ẹ jẹ́ kí n ṣàlàyé rẹ̀ fún ẹni tí kò mọ̀. Ẹ́ńjìnnì ọkọ̀ yìí ní sílíńdà mẹ́rin. Ọ̀kọ̀ọ̀kan wọn a máa fa epo àti afẹ́fẹ́ sínú, a fún wọn pọ̀, pílọ́ọ̀gì a sì ṣáná sí wọn; agbára iná yẹn ló ń ti ọkọ̀. Wọn kì í jó pọ̀ lẹ́ẹ̀kan náà. Ti èkíní a kọ́kọ́ jó, lẹ́yìn náà ẹ̀kẹta, lẹ́yìn náà ẹ̀kẹrin, kí ó tó kan èkejì. Bí ọ̀kan bá kọ̀ tí kò jó, àwọn mẹ́ta tó kù ni yóò máa fa ọkọ̀ náà lọ. Lórí ilẹ̀ títẹ́jú, ẹni tó wà nínú ọkọ̀ lè má tètè fura. Lórí òkè ni ó ń hàn gbangba.

Ọ̀rọ̀ náà gba oṣù mẹ́ta. A pààrọ̀ kọ́ńtáàkì àti kọ̀ǹdẹ́ńsà, a pààrọ̀ kọ́ìlì, a fọ kábúrétọ̀, a pààrọ̀ sẹ́ẹ̀ epo. Ìgbàkígbà tí wọ́n bá ṣe é tán, wọn a tan án níwájú ṣọ́ọ̀bù, nínú oòrùn, lórí ilẹ̀ gbalaja, a sì máa dún bí ọkọ̀ tuntun. N ó sanwó, n ó wakọ̀ lọ. Bí mo bá dé òkè kan, òsúkè a tún dé. Owó tí mo ná lé ní ₦80,000. Epo tó sì ń ṣòfò láìjó ńkọ́? Ẹ̀yin náà mọ bí owó epo ti fò sókè láti ìparí oṣù karùn-ún ọdún 2023, nígbà tí ìjọba yọ owó ìrànwọ́ kúrò lórí rẹ̀.

Nígbà tí mi ò mọ ibi tí n ó gbé e gbà mọ́, mo ronú pé kí ọmọ iṣẹ́ yẹn tó fọwọ́ kan ọkọ̀ mi, kò ṣe mí nǹkan kan. Mo lọ bá ọ̀gá rẹ̀, mo sì sọ̀rọ̀ líle. Ọ̀gá náà kò fẹ́ kí n ba òun lórúkọ jẹ́ lọ́dọ̀ àwọn olùkọ́ ẹgbẹ́ mi, ó bá lé ọmọ náà lọ. Agbẹ́jọ́ ẹnìkan dá, àgbà òṣìkà ni. Mo ti kọ òwe yìí sára pátákó fún àwọn ọmọ kíláàsì mi ju ẹ̀ẹ̀kan lọ.

A GBÉRA

Ní ọjọ́ Ẹtì kan ni a gbéra, lẹ́yìn tí iléèwé ti jáde. Màmá jókòó sẹ́yìn, ó wé gèlè, ó gbé àpò rẹ̀ lé itan. A gba Ìwó Road jáde, a kọjá Ẹgbẹ́dá, a kọjá odò Ọ̀ṣun ní Aṣejire, níbi ìdídò tó ń fún Ìbàdàn lómi. Ọkọ̀ ń lọ geere. Ní ìyànà Ìkirè, àwọn obìnrin sáré bò wá pẹ̀lú dòdò wọn, èyí tí wọ́n fi ọ̀gẹ̀dẹ̀ tó ti pọ́n jù àti ata ṣe, tó dúdú tó sì ta lẹ́nu. Màmá ra mẹ́fà. Ó ní ẹnìkan kì í gba Ìkirè kọjá lọ́wọ́ òfo.

A kọjá Gbọ̀ngán, a dé Ilé-Ifẹ̀. Ẹnu ọ̀nà Yunifásítì kún fún àwọn ọmọ tó ń dúró de ọkọ̀. Mo ń sọ fún Màmá pé Ìbàdàn ni yunifásítì yẹn ti bẹ̀rẹ̀ ní ọdún 1962 kí ó tó kó dé Ifẹ̀ ní ọdún 1967. Ó ní, "Ọmọdé gbọ́n, àgbà gbọ́n, la fi dá Ilé-Ifẹ̀." Mo rẹ́rìn-ín. N kò mọ̀ pé òwe náà ń bọ̀ wá bá mi kí ilẹ̀ tó mọ́.

Ní Iléṣà òjò bẹ̀rẹ̀ sí í rọ̀ wíníwíní. Títí a fi kọjá Ìwàràjà, ọkọ̀ ṣì ń ṣe dáadáa. Àfi bí a ti kọjá Ẹ̀rìnmọ̀ tí ọ̀nà bẹ̀rẹ̀ sí í gun òkè: gbì. Mo ṣe bí ẹni tí kò gbọ́. Gbì, gbì. Màmá kò sọ̀rọ̀. A kọjá ìyànà Ẹ̀rìn-Ìjẹ̀ṣà, níbi tí ìtàkìtì omi Olúmirin ti ń já láti orí òkè ní ìpele méje. Ní ọjọ́ mìíràn à bá dúró wò ó.

Ẹni tí kò bá tíì gba ọ̀nà Ẹ̀fọ̀n-Alààyè rí, kó lọ wò ó. Òkè ló yí ìlú náà ká bí ìgbà tí a gbé ẹyin sínú àtẹ́lẹwọ́. Ọ̀nà ibẹ̀ a máa lọ́ bí ejò, igbó a fún mọ́ ọn lọ́tùn-ún lósì, bí òjò bá sì rọ̀, kùrukùru a sọ̀ kalẹ̀ láti orí àwọn òkè títí yóò fi bo ojú ọ̀nà. Bẹ́ẹ̀ gan-an ló rí ní ìrọ̀lẹ́ ọjọ́ náà. Ilẹ̀ ti ń ṣú. Gíà kejì ni mo fi ń gun òkè, ọkọ̀ ń gbọ̀n, èéfín tó ń rùn bí epo tútù ń jáde láti ẹnu sàlẹ́ńsà. Gbogbo yín ni ẹ sì mọ irú ìròyìn ajínigbé tí a ń gbọ́ nípa àwọn ọ̀nà wa. Ìyá àgbàlagbà wà lẹ́yìn ọkọ̀. Òógùn bò mí nínú òtútù.

Ọlọ́run bá wa ṣe é, a rọ́jú dé ibi tí ilé ti bẹ̀rẹ̀. Mo gé sí ẹ̀gbẹ́ ìsọ̀ kékeré kan, níbi tí bàbá arúgbó kan ti ń palẹ̀ ọ̀gẹ̀dẹ̀ rẹ̀ mọ́.

BÀBÁ ỌLỌ́GẸ̀DẸ̀

"Ẹ kú ewu ọ̀nà o," ni ó wí. "Mo ti ń gbọ́ ìró ọkọ̀ yín láti ìsàlẹ̀. Ọ̀kan nínú mẹ́rin kò ṣiṣẹ́."

Màmá fi èdè Èkìtì dá a lóhùn, inú rẹ̀ sì dùn. Ó sọ fún wa pé ọgbọ̀n ọdún ni òun fi wa ọkọ̀ àgbégilódò kí ojú òun tó bẹ̀rẹ̀ sí í ṣe bàìbàì. Ó bi mí pé kí ni mo ti pààrọ̀. Mo ka gbogbo rẹ̀ fún un, láti orí pílọ́ọ̀gì dé orí sẹ́ẹ̀ epo.

"Tíṣà ni yín," ni ó wí.

"Bẹ́ẹ̀ ni sà. Báwo lẹ ṣe mọ̀?"

"Bí ẹ ṣe kà á ni. Ó dáa. Bí ọmọ mẹ́rin bá wà ní kíláàsì yín, tí ọ̀kan kò sì ṣe iṣẹ́ tí ẹ fún un, ṣé ẹ ó na àwọn mẹ́rẹ̀ẹ̀rin ni, àbí ẹ ó pè wọ́n lọ́kọ̀ọ̀kan?"

"N ó pè wọ́n lọ́kọ̀ọ̀kan, sà."

"Ẹ tan ọkọ̀. Ẹ jẹ́ ká pe orúkọ."

Ó mú ẹ̀mú tó ní rọ́bà lọ́wọ́, ó tún fi àkísà gbígbẹ dì í. Ó ní ẹnikẹ́ni kò gbọdọ̀ fi ọwọ́ lásán kan wáyà pílọ́ọ̀gì bí ẹ́ńjìnnì bá wà lórí iná, nítorí iná tó ń gba ibẹ̀ kọjá lé ní ẹgbẹ̀rún mẹ́wàá fóòtì. Ó yọ wáyà èkíní láti iwájú, ẹ́ńjìnnì sì gbọ̀n rìrì, ó fẹ́ẹ̀ kú. Ó dá a padà. Ó yọ èkejì, bákan náà ni. Ó yọ ẹ̀kẹta: ìró ẹ́ńjìnnì kò yí padà rárá. Nígbà tó yọ ẹ̀kẹrin, ẹ́ńjìnnì tún gbọ̀n.

"Ẹ̀kẹta ni kò wá síléèwé," ni ó wí. "Ṣùgbọ́n kò tíì yé wa bóyá òun ni ọ̀lẹ, tàbí ẹnìkan ló dá a dúró lọ́nà."

Ó ní kí n pa ọkọ̀. Ó mú pílọ́ọ̀gì ẹ̀kẹta, ó fi sí ojú èkíní, ó mú ti èkíní sí ojú ẹ̀kẹta. Ó ní bí pílọ́ọ̀gì bá ni ẹlẹ́bi, ẹ̀bi náà yóò bá a lọ sí ilé rẹ̀ tuntun. A tan ọkọ̀, ó tún pè wọ́n. Ẹ̀kẹta ló tún dákẹ́, èkíní ń ṣiṣẹ́ rẹ̀ bó ṣe yẹ. Pílọ́ọ̀gì tí ọmọ yẹn fi sí i kò ní àbùkù kankan. Nǹkan mú mi láyà díẹ̀.

"Ó kù sí wáyà," ni bàbá wí. "Ẹ pa iná iwájú ọkọ̀. Màmá, ẹ bá wa pa tọ́ọ̀ṣì yẹn."

Òkùnkùn Ẹ̀fọ̀n bò wá. Kùrukùru ń fẹ́ sí wa lójú. Bàbá ní kí n tẹ epo díẹ̀ kí n sì wá wò. Bí mo ti bẹ̀rẹ̀ mọ́lẹ̀, mo rí i. Lára wáyà ẹ̀kẹta, iná búlúù kékeré kan ń ta pàrà-pàrà, ó ń fò bọ́ sára irin. Ibi tí wáyà irin tín-ín-rín kan ti so ó mọ́ ara ẹ́ńjìnnì ni ó ti ń fò. Wáyà irin náà ti ha rọ́bà rẹ̀ títí ó fi lu.

Bàbá ṣàlàyé pé ibi tó rọrùn ni irú iná bẹ́ẹ̀ máa ń gbà. Bí ọkọ̀ bá dúró tàbí tó ń rìn jẹ́ẹ́jẹ́ẹ́, ó rọrùn fún iná láti fò ní ẹnu pílọ́ọ̀gì. Ṣùgbọ́n bí ọkọ̀ bá ń gun òkè, ohun tó wà nínú sílíńdà a fún pọ̀ gidigidi, ẹnu pílọ́ọ̀gì a sì ṣòro láti fò. Bí iná bá rí ojú ọgbẹ́ lára wáyà, ibẹ̀ ni yóò gbà sálọ. Omi àti ìrì tún máa ń ràn án lọ́wọ́. Ìdí nìyẹn tí ọkọ̀ fi ń gbádùn níwájú ṣọ́ọ̀bù ní Ìbàdàn. Iná yẹn kò sì lè hàn nínú oòrùn.

"Ta ni ó fi irin so èyí?" ni bàbá bi mí.

Ẹnu mi wúwo. Mo rántí ọmọ yẹn: "Tíṣà, ẹ jọ̀ọ́ sà, wáyà yìí..."

"Èmi ni, sà."

Kò bú mi. Ó gé wáyà irin náà dànù, ó nu gbogbo rẹ̀ gbẹ, ó gé rọ́bà láti ara tíúbù kẹ̀kẹ́ kan, ó fi wé ojú ọgbẹ́ náà, ó fi téèpù dúdú àwọn oníná dì í, ó sì gbé e jìnnà sí irin. Ó ní kí n ra odindi wáyà tuntun ní Adó, nítorí ìyẹn kò ju oògùn alẹ́ ọjọ́ kan lọ. Mo yọ owó, ó kọ̀ ọ́. Dòdò Ìkirè kan ló gbà lọ́wọ́ Màmá.

A gba Ìtawúrẹ́, Aramọkọ, Ìgèdè àti Ìyìn lọ sí Adó, ọkọ̀ kò já lẹ́ẹ̀kan. Lẹ́yìn ìgbà díẹ̀ Màmá sọ̀rọ̀ láti ẹ̀yìn: "Ọmọ tí o jẹ́ kí wọ́n lé ńkọ́?" N kò rí èsì fọ̀. Mo ń wo ọ̀nà.

OHUN TÍ MO KỌ́ NÍPA ỌKỌ̀

Àwọn àbúrò mi rí ọkọ̀ bàbá wa bó ṣe wọ àgbàlá, ọ̀rọ̀ irin àlòkù sì parí níbẹ̀. Mo ra wáyà tuntun. Nígbà tí à ń padà ní ọjọ́ Àìkú, ojúmọ́ la fi gun Òkè Ẹ̀fọ̀n, mo sì rí bí àwọn ilé ṣe tò sí ẹ̀gbẹ́ òkè bí ẹni jókòó sí ibi ìwòran. Ọkọ̀ kò sé.

Ẹ̀yin tí ẹ ní ọkọ̀ àgbà, ẹ gba èyí lọ́wọ́ mi. Ẹ kọ́kọ́ ṣàkíyèsí ìgbà tí àìsàn náà ń dé: lórí òkè ni, nínú òjò ni, àbí nígbà tí ẹ́ńjìnnì bá gbóná? Ẹ jẹ́ kí ẹni tó mọ̀ ọ́n wá sílíńdà tí kò ṣiṣẹ́ kí ẹ tó ra nǹkan kan. Ẹ má pààrọ̀ ju ohun kan lọ lẹ́ẹ̀kan náà, bí bẹ́ẹ̀ kọ́ ẹ kò ní mọ èyí tó wò ó sàn. Ẹ wò ó nínú òkùnkùn. Bí pílọ́ọ̀gì àti wáyà bá dára, kí wọ́n yẹ ìdérí dísíbútọ̀ wò bóyá ó ti sán, kí wọ́n wo ibi tí afẹ́fẹ́ lè máa gbà wọlé lọ́nà àìtọ́, kí wọ́n sì wọn agbára ìfúnpọ̀ inú sílíńdà kọ̀ọ̀kan.

Ọkọ̀ ìsinsìnyí ní kọ̀ǹpútà. Bí wọ́n bá fi ẹ̀rọ ìyẹ̀wò sí i tó kọ P0301, sílíńdà èkíní ló ń sé; P0303, ẹ̀kẹta ni; P0300, kò dúró sójú kan. Ẹ má fa wáyà irú ọkọ̀ bẹ́ẹ̀ yọ bí bàbá ti ṣe. Bí iná ẹ́ńjìnnì iwájú awakọ̀ bá sì ń ṣẹ́jú, ẹ rọra wá ibi dúró, nítorí epo tí kò jó lè ba ohun tó ń fọ èéfín mọ́ jẹ́, owó rẹ̀ kì í sì í ṣe kékeré. Ṣùgbọ́n ẹ rántí pé ẹni tí kò wá síléèwé ni ẹ̀rọ náà ń dárúkọ. Kò sọ ẹni tó dá a dúró lọ́nà.

ỌMỌ NÁÀ

Ní ọjọ́ Ajé, lẹ́yìn iṣẹ́, mo lọ sí ṣọ́ọ̀bù ọ̀gá yẹn. Lójú gbogbo ọmọ iṣẹ́ rẹ̀ mo sọ pé èmi ni mo ba ọkọ̀ mi jẹ́. Ó dákẹ́ fún ìgbà díẹ̀, ó sì júwe ibi tí a ti lè rí ọmọ náà. Níbi ilé kan tí wọ́n ń kọ́ ni mo ti bá a, ó ń ru búlọ́ọ̀kù. Ó rí mi, ó sọ ti orí rẹ̀ kalẹ̀, ó sì dọ̀bálẹ̀, èyí tó jẹ́ kí ojú tì mí púpọ̀ sí i.

Mo ní, "Dìde. Ẹ̀bẹ̀ ni mo wá bẹ̀ ọ́. Mo ṣì ọ́ dá lẹ́jọ́."

Ó nu ọwọ́ rẹ̀. Ó ní, "Wáyà yẹn ni, àbí sà?"

Mo ní, "Òun ni."

Kò sọ ju bẹ́ẹ̀ lọ. Ọ̀gá rẹ̀ gbà á padà, ó sì gbà pé òun kò ní yọ àkókò tó fi wà níta kúrò nínú ọdún tó yẹ kó fi kọ́ṣẹ́. Láti ìgbà náà, òun nìkan ni ń fọwọ́ kan Pijó bàbá wa. Bó bá sì ti bẹ̀rẹ̀ pé, "Tíṣà, ẹ jọ̀ọ́ sà," n ó pa ẹnu mi mọ́ títí yóò fi sọ ọ́ tán.

Ẹ̀yin olùkọ́ ẹgbẹ́ mi, àti ẹ̀yin oníṣòwò tí ẹ ní ọmọ ọjà, bí nǹkan bá bàjẹ́ lọ́wọ́ yín, ẹ pe orúkọ lọ́kọ̀ọ̀kan kí ẹ tó gbé pàṣán, kí ẹ sì fi orúkọ ara yín kún un.